Bí A Ṣe Ń Ka Ìdàgbà Igi Kékeré: Igi Tí Ń Rúwé Tí Ó Ń Sinmi, àti Igi Tí Kì Í Dúró

Ní àárín ìgbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ tutù tí koríko sì ń ga lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó máa ń ṣàkíyèsí pé kòkó tí òun gbìn lọ́dún tó kọjá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kò ga sí i, tí kò sì yọ ewé kan ṣoṣo. Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé wọn á da ajílẹ̀ sí i. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, wọn á fín oògùn. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ hú igi náà dànù kí ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tí ó ń ṣe igi náà. Ó ń sinmi ni, nítorí pé bí irú rẹ̀ ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ọ̀pẹ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní tirẹ̀, kì í sinmi bẹ́ẹ̀. Bí òun bá dúró, ọ̀ràn wà nílẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ní igi kékeré lóko, ní àgbàlá tàbí ní nọ́sìrì, tí ó sì fẹ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bomi rin ín, kí ó fún un ní ajílẹ̀, kí ó lọ́ ọ (ìyẹn ni pé kí ó so ẹ̀ka igi mìíràn mọ́ ọn), kí ó gé e, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Igi fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún yín, bí ẹ bá ti mọ bí a ṣe ń wo orí rẹ̀. Mo gbà pé ojú tí ó mọ ohun tí ó ń wò lórí ẹ̀ka ṣe pàtàkì ju àpò ajílẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ igi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tí ẹ ní

Ọ̀nà méjì ni orí igi máa ń gbà gùn. Àwọn igi kan wà tí wọ́n ń rúwé lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì dúró: láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣóńṣó ẹ̀ka á na, ewé mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jáde pọ̀, lẹ́yìn náà orí á pa dé, kò sì ní sí ewé tuntun mọ́ títí ìgbà mìíràn yóò fi tó. Kòkó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti máńgòrò, rọ́bà, píà, ọsàn àti kajú. Igi fúrúùtù tí a máa ń gbìn sí àgbàlá fún ibòòji náà wà lára wọn, òun ni ó sì rọrùn jù láti fi kọ́ ojú, nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ tò ní ipele-ipele, tí igi ìdúró gbọọrọ tí kò ní ẹ̀ka sì wà láàárín ipele kan àti èkejì. Ìgbà tí igi náà ń rúwé ni ẹ̀ka ń jáde.

Àwọn igi kejì kì í sinmi: ọ̀pẹ, àgbọn àti ìbẹ́pẹ ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù nínú wọn. Ewé kan ń jáde, òmíràn ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí igi náà yóò fi kú. Bí ẹ bá wo àárín orí ọ̀pẹ ní ọjọ́ èyíkéyìí nínú ọdún, ẹ ó bá mọ̀rìwò níbẹ̀, òmíràn sì ti wà nínú ọkàn rẹ̀ tí ojú kò tíì rí. Lára ọ̀pẹ tí ó ti dàgbà, ewé tí ó yọ orí síta lónìí ti bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ọkàn igi náà láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ní igi tí ẹ kò mọ ibi tí ó wà nínú méjèèjì, ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín ewé kan àti èkejì lára igi ìdúró rẹ̀. Lára igi tí kì í sinmi, àlàfo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ewé gbogbo ọjọ́ orí sì wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tí ó kéré bí èékánná, èyí tí ó ń ṣí, èyí tí ó ti ṣí tán, èyí tí ó ń pọ́n lọ. Lára igi tí ń sinmi, àlàfo gígùn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àlàfo kúkúrú kúkúrú tí ewé ti ṣù jọ, kí àlàfo gígùn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ewé tí ó wà nínú ìdì kan ló sì jẹ́ ọjọ́ orí kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń fa ìsinmi yìí. Wọ́n ní ipa tiwọn, nítorí pé bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, ọ̀pọ̀ kòkó inú oko kan ni yóò rúwé pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi náà ti wà nínú ìṣẹ̀dá igi fúnra rẹ̀. Ní 1968, Francis Hallé àti Martin, àwọn onímọ̀ igi ará Faransé, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí rọ́bà kékeré, àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn sì tún un yẹ̀ wò: kódà níbi tí omi, ooru àti ìmọ́lẹ̀ kò ti yí padà, rọ́bà náà á rúwé, á sinmi, á tún rúwé, tí ìyípo kan sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ 42.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ewé tuntun kì í bọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ó ń fẹ̀, oúnjẹ tí ewé àgbà ti pèsè ni ó ń jẹ, omi tí gbòǹgbò fà wá ni ó sì ń mu, tó bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò náà á fa ìdàgbà tirẹ̀ sẹ́yìn, tí orí ẹ̀ka pàápàá á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí ewé bá fẹ̀ tán tí ó sì le, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó padà. Gbòǹgbò á tún máa rìn, oúnjẹ á pọ̀, orí á sì tún là. Àwọn onímọ̀ ti já ewé rọ́bà kéékèèké kúrò kí wọ́n tó fẹ̀, ìsinmi náà sì dín kù gidigidi, orí ń gùn lọ ṣáá. Ẹ má ṣe dán an wò lóko yín o, nítorí igi tí kò ní ewé kò ní oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan igi tí ẹ ó máa wò, kí ẹ sì sàmì sí i

Kò pọn dandan kí ẹ wo gbogbo oko. Igi bíi mẹ́wàá nínú oko kékeré tó, bí ẹ bá yan wọn láti ibi tí ilẹ̀ ti dára, ibi tí kò dára tó, abẹ́ ibòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ojú oòrùn. Àwọn tí wọ́n bá yan kìkì igi tí ó lẹ́wà jù lọ, ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Ẹ wá òwú aláwọ̀ pupa tàbí òwú ìhunṣọ tí òjò kò ní tètè jẹ, ọ̀dà funfun díẹ̀, téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò, àti ìwé kan tí kì í kúrò nínú àpò oko. Lára igi tí ń sinmi, ẹ so òwú náà mọ́ ibi tí igi ti le, ní ìsàlẹ̀ ìdì ewé tí ó kẹ́yìn, kí ó má sì fún igi lọ́rùn. Gbogbo ohun tí ó bá wà lókè òwú ni ìdàgbà tuntun. Lára ọ̀pẹ àti àgbọn, ẹ fi ọ̀dà kan ìdí ọwọ́ imọ̀ tí ó kéré jù lọ nínú àwọn tí ó ti ṣí tán. Lára ìbẹ́pẹ, ẹ so òwú mọ́ ọ̀pá ewé tí ó wà lókè pátápátá tí ó sì ti ṣí, kí ẹ má sì so ó le jù, kí ó lè fẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sàmì sí i. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ kò ṣe nǹkan kan.

Fún igi tí ó bá ti ní ẹ̀ka púpọ̀, bíi máńgòrò ọdún mẹ́ta, ẹ má ṣe so òwú mọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹ̀ka máńgòrò kì í gbọ́ ti ara wọn: ẹ ó rí i tí apá kan igi náà pupa fòò fún ewé tuntun, tí apá kejì sì dúdú minimini tí kò mì. Ẹ̀ka mẹ́rin, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, yóò fún yín ní òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ ipò mẹ́rin tí orí ẹ̀ka máa ń wà

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ẹ̀ka náà dáadáa, kí ẹ gbé e sí ìpele ojú yín, kí ẹ sì wo ṣóńṣó rẹ̀ àti ewé tí ó kẹ́yìn pọ̀; wíwo ọ̀kan láìwo èkejì ni ó máa ń ṣini lọ́nà.

Ipò kìíní ni ti ojú tí ó wú; ojú ni ibi tí ewé tàbí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ. Nígbà ìsinmi, ojú tí ó wà ní orí ẹ̀ka máńgòrò kéré, ó gbẹ, ó sì ṣe ṣóńṣó. Bí ó bá fẹ́ jí, á kọ́kọ́ wú, àwọ̀ ewéko á sì yọ láàárín àwọn ìpẹ́ tí ó bò ó. Lára kòkó, ìpẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bo ojú náà. Ẹ ó rí i tí wọ́n là síta. Ipò yìí kì í pẹ́. Bí ẹ bá lọ sí oko lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ kò ní bá a.

Ipò kejì ni ti nínà. Ẹ̀ka ń gùn, ewé ń jáde, ohun gbogbo sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná lásán lè gé e. Iye tí ẹ̀ka yóò fi ga nínú ìrúwé yìí, ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyí ni yóò fi ga á. Lẹ́yìn wọn, ewé yóò máa fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kò ní gùn mọ́.

Ipò kẹta ni ti ewé rírọ̀. Ewé ti gùn tó bí yóò ṣe gùn, ṣùgbọ́n kò tíì le. Ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ti máńgòrò á pọ́n bíi bàbà, á sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ sí àwọ̀ ewéko tí ó mọ́. Ti kòkó lè pupa tàbí kí ó funfun díẹ̀, irú kòkó tí ẹ gbìn ni yóò sọ ọ́. Ti rọ́bà bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ pupa dúdú kí ó tó di àwọ̀ ewéko. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òùngbẹ ń gbẹ igi náà, pàápàá lọ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ wo ewé àgbà tí ó wà nísàlẹ̀: bí ìyẹn bá dúró ṣánṣán, omi wà nílẹ̀, ewé tuntun kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó ni. Ipò yìí ni ó léwu jù fún igi, nítorí pé òun ni kòkòrò fẹ́ràn, òun náà sì ni ewúrẹ́ fẹ́ràn.

Ipò kẹrin ni ti ìsinmi. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì mú ewé tí ó kẹ́yìn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ó bá dún, tí ó sì fẹ́ ya dípò kí ó wé mọ́ ìka, ó ti gbó. Àwọ̀ rẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú ti ewé àgbà, ojú orí ẹ̀ka sì ti pa dé. Igi lè wà ní ipò yìí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí fún oṣù, bí ojú ọjọ́, ibòòji àti ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe rí. Kòkó tí ó wà lójú oòrùn máa ń rúwé lemọ́lemọ́ ju èyí tí ó wà lábẹ́ ibòòji lọ, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá jù ú lọ. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́bà ń lo lẹ́tà A, B, C àti D fún irú àwọn ipò wọ̀nyí, ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yín kí kíkọ má baà pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà. Lójú igi kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ: gígùn láti ibi òwú dé orí, iye ewé tí ó wà lókè òwú, àti ipò tí orí wà. Ẹ fi òjò tí ó rọ̀ kún un bí ẹ bá rántí. Ẹ má ṣe wọn igi láti ilẹ̀, nítorí pé àgbàrá òjò máa ń gbé erùpẹ̀ wá sí ìdí rẹ̀ tàbí kí ó wọ́ ọ lọ, ìwọ̀n yín á sì máa purọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fa ìlà sórí ìwé: ọ̀sẹ̀ ní ìsàlẹ̀, gígùn ní ẹ̀gbẹ́; fún ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ, iye ewé tuntun ni kí ẹ fi rọ́pò gígùn. Ti ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ á gòkè lọ láìdúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé á dẹ̀ díẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ti kòkó, rọ́bà àti máńgòrò á ní ìdúró àti ìgòkè, ìdúró àti ìgòkè. Ẹ ó lè fi ojú ara yín rí i pé ìdúró kòkó láàárín oṣù keje kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣe ní oṣù karùn-ún, tí ẹ kò sì bẹ̀rù nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ohun tí igi ti kọ sára

Bí ẹ bá ra igi láti nọ́sìrì, tàbí tí ẹ gba oko lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ kò ní ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́wọ́. Àmọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan fi àpá sílẹ̀. Ẹ fi ìka yín ra ẹ̀ka kòkó tàbí máńgòrò láti orí wá sí ìdí, ẹ ó kan ibi tí ó rí kókó díẹ̀, tí àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí i ká ní ìtòsí ara wọn: ibẹ̀ ni àwọn ìpẹ́ tí ó bo ojú nígbà ìsinmi ti já bọ́. Láti àpá kan dé èkejì jẹ́ ìrúwé kan. Bí ẹ bá ka mẹ́rin lára igi máńgòrò tí wọ́n ní ó pé ọdún kan, ó ti rúwé nígbà mẹ́rin.

Gígùn ìrúwé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀rọ̀ jù nínú. Igi tí ìrúwé rẹ̀ ń gùn sí i, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ń rí àyè na gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tí ìrúwé rẹ̀ ń kúrú sí i nígbà tí ó ṣì wà nínú ọ̀rá dúdú, gbòǹgbò rẹ̀ ti kan ìdí ọ̀rá, ó sì ti ń yí ara rẹ̀ ká níbẹ̀. Ẹ má ṣe rà á, bí ó ti wù kí ewé rẹ̀ dán tó. Lára àgbọn, ẹ wo ara igi fúnra rẹ̀: ibi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọdún tí ìyà jẹ ẹ́, bóyá ọ̀dá ni tàbí àìsí oúnjẹ, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́ tí ibẹ̀ yóò fi sanra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi iṣẹ́ oko sí ipò tí orí igi wà

Ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dára jù ní òpin ìsinmi, nígbà tí ewé ti le tí ojú sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, nítorí pé gbòǹgbò ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, oúnjẹ náà á sì ti wà nílẹ̀ kí ìrúwé tó dé. Ẹ wọ́n ọn yí igi ká ní abẹ́ ibi tí etí ewé rẹ̀ dé, ẹ má ṣe kó o jọ sí ìdí. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ewé tuntun ti ń rọ̀ kí ẹ tó rántí, ẹ ti pẹ́ fún ìrúwé yẹn. Èyí tí ń bọ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ti omi yàtọ̀ sí èyí. Láti ìgbà tí ẹ̀ka ń na títí ewé yóò fi le ni igi nílò rẹ̀ jù, bí ẹ bá sì ń pọn omi lọ sí oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi tí ó wà ní ipò kejì àti ìkẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, kí àwọn tí ń sinmi dúró dè yín.

Gbígbé igi láti nọ́sìrì lọ sí oko: ẹ gbé e nígbà tí ewé òkè ti le pátápátá. Àwọn àgbẹ̀ rọ́bà kì í fi èyí ṣeré rárá. Bí ìdì ewé òkè kò bá tíì gbó, wọn kì í gbé ọ̀rá náà kúrò ní ibi tí ó wà. Òfin kan náà tọ́ sí kòkó, píà àti máńgòrò. Ewé rírọ̀ kò lè ṣàkóso omi ara rẹ̀, gbòǹgbò tí a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nídìí kò lè fa omi tó; bí méjèèjì bá pàdé ara wọn ní ọjọ́ olóòrùn kan, orí igi náà á rọ, á sì gbẹ. Ó sàn kí ẹ pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgbà òjò ju kí ẹ gbé igi rírọ̀ lọ sóko.

Lílọ́ máńgòrò ni ibi tí ìmọ̀ yìí ti ń sanwó fún ẹni tí ó ní nọ́sìrì. Ẹ̀ka tí ẹ ó gé láti ara igi ìyá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìrúwé rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ti gbó, tí ojú orí rẹ̀ sì fẹ́ wú ṣùgbọ́n tí kò tíì là. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mú un dé ibẹ̀: ní ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kí ẹ tó gé ẹ̀ka náà, ẹ gé àwọn ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ọ̀pá ewé sílẹ̀. Àwọn ọ̀pá náà á gbẹ, wọ́n á máa já bọ́ bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n, ojú orí á sì wú. Nígbà yẹn ni kí ẹ gé e, kí ẹ lọ́ ọ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi láílọ́ọ̀nù dì í. Ẹ̀ka tí ó ti là kọjá bẹ́ẹ̀ á rọ kí ó tó mú, èyí tí ó sì ń sùn wọra lè dúró pẹ́ títí tí yóò fi gbẹ.

Ní ti gígé kí igi lè pẹ̀ka, ẹ rántí àwọn kókó tí ẹ fi ìka kàn ní ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ojú púpọ̀ ló ṣù jọ síbẹ̀. Bí ẹ bá gé máńgòrò kékeré sókè díẹ̀ sí kókó yẹn, ẹ̀ka márùn-ún tàbí mẹ́fà lè yọ láti ojú kan, wọ́n á máa tì ara wọn, bí èso bá sì wọ̀ wọ́n lára lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni yóò ya. Bí ẹ bá gé e sí ìsàlẹ̀ kókó náà, níbi tí àlàfo ti gùn, ẹ̀ka tí yóò yọ kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á jìnnà sí ara wọn. Èmi fara mọ́ gígé nísàlẹ̀ kókó, kí a sì fi mẹ́ta tí ó dára jù sílẹ̀. Ipò kẹrin ni kí ẹ ti ṣe é, kí igi má baà pàdánù ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ná owó lé lórí.

Nípa kòkòrò, ẹ lo ojú kí ẹ tó lo oògùn. Àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó àti kajú, ọ̀mùnú àti ewé rírọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ ó rí àmì dúdú kéékèèké lára ẹ̀ka rírọ̀, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Lára ọsàn, ewé tuntun á ká jọ, ẹ ó sì rí ìlà fífún tí ó wọ́ kiri nínú rẹ̀. Ẹ máa wo igi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí ó wà ní ipò kejì àti ìkẹta. Bí oògùn bá pọn dandan, ìgbà yẹn ló wúlò. Fífín igi tí ń sinmi nítorí kòkòrò ewé rírọ̀, owó la dà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Igi tí kì í sinmi ní ìlànà tirẹ̀

Ọ̀pẹ àti àgbọn ní ojú ìdàgbà kan ṣoṣo, ó sì wà nínú ọkàn wọn. Bí àdá, ewúrẹ́ tàbí ìjẹrà bá dé ibẹ̀, igi náà ti lọ. Ẹ kò lè gé wọn kí wọ́n pẹ̀ka, ẹ kò sì lè dúró de ìgbà tí wọ́n ń sinmi kí ẹ tó bọ́ wọn. Díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè, ni kí ẹ máa fún wọn ní oúnjẹ, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Kíka ewé ni ìwọ̀n wọn. Ẹ padà sí ọwọ́ imọ̀ tí ẹ fi ọ̀dà kàn, kí ẹ ka iye èyí tí ó ti ṣí lókè rẹ̀. Ọ̀pẹ nọ́sìrì máa ń ṣí nǹkan bí ewé kan lóṣù ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá ti fìdí múlẹ̀ lóko, nǹkan bí méjì lóṣù ni. Àgbọn tí ó ti dàgbà ń ṣí nǹkan bí ọ̀kan lóṣù. Ìbẹ́pẹ ló yára jù, ó lè ṣí nǹkan bí méjì lọ́sẹ̀ bí ooru àti omi bá tó. Kì í ṣe iye gan-an ni kí ẹ dì mú, bí kò ṣe bóyá iye tiyín ń lọ sílẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo mọ̀rìwò. Ọ̀pẹ tí omi kò tó kì í dáwọ́ ewé ṣíṣe dúró. Mọ̀rìwò ń jáde, ṣùgbọ́n kò ní ṣí, ẹ ó sì bá méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n dúró pọ̀ láìṣí. Bí òjò bá dé, wọ́n á ṣí tẹ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n bí mọ̀rìwò bá pọ́n ní ìdí, tí ó sì fà yọ wẹ́rẹ́ bí a bá fọwọ́ rọra fà á, ìjẹrà ti wọ ọkàn igi náà. Bí ewé tí ó ṣí bá sì ní ibi gígé onígun mẹ́ta ní apá méjèèjì, kòkòrò dúdú oníwo ti jẹ mọ̀rìwò náà nígbà tí ó ṣì ká jọ. Ẹ wá ihò rẹ̀ ní ìdí ọwọ́ imọ̀, kí ẹ sì kó òkú ọ̀pẹ tí ó ń jẹrà kúrò nítòsí, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìgbà tí ìdúró kì í ṣe ìsinmi mọ́

Igi tí ń sinmi ní ewé líle tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, ojú orí rẹ̀ sì tutù nínú bí ẹ bá fi èékánná ha ìpẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí ojú orí bá dúdú, tí ó sì fọ́ wẹ́rẹ́, ẹ̀ka náà ti kú láti òkè wá. Bí ewé àgbà bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ nígbà tí òkè dúró, oúnjẹ kò tó. Bí ìsinmi bá gùn ju ìlọ́po méjì èyí tí ó ṣáájú lọ ní ìgbà òjò, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ wò: omi tí ó dúró, ikán, tàbí gbòǹgbò tí ó ṣì ká jọ bí ó ṣe wà nínú ọ̀rá ni ẹ sábà máa bá níbẹ̀. Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ bá ń wo kòkó. Igi ìdúró kòkó tí a gbìn láti orí hóró, tí ewé rẹ̀ yí i ká, tí ọ̀pá ewé rẹ̀ sì gùn, kì í ga títí láé: nígbà tí ó bá ga tó nǹkan bí mítà kan sí mítà kan àbọ̀, orí rẹ̀ á parí, ẹ̀ka mẹ́ta sí márùn-ún á sì tàn ká láti ojú kan náà, tí ewé wọn sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Láti ọjọ́ yẹn, òwú tí ó wà lára igi ìdúró ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ so méjì nínú àwọn ẹ̀ka tuntun náà, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun fún igi náà. Bí èéhù gígùn bá yọ lẹ́yìn náà lábẹ́ ibi tí ó ti pẹ̀ka, ìyẹn ni yóò tún mú igi náà ga sí i. Bí gíga rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ já a kúrò nígbà tí ó ṣì rọ̀.